Ẹ Bi Wá: Kí Ló Dé Tí Sámọ́nì Pọ̀ Yanturu Lódò Kan Tí Wọ́n Ti Èkejì Pa?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Mo kà á pé lọ́dún 2022 wọ́n pa ẹja sámọ́nì bíi mílíọ̀nù 60 ní Bristol Bay ní ìpínlẹ̀ Alaska, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, wọ́n sì tà á káàkiri ayé, àmọ́ lódò Yukon, nínú ìpínlẹ̀ kan náà, wọ́n ní káwọn ọmọ onílẹ̀ má pa king salmon, ìyẹn irú sámọ́nì kan, rárá, àní èyí tí wọ́n máa jẹ. Ṣé kì í ṣe olówó ni òfin ń gbè lẹ́yìn báyìí?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun gan-an, ọ̀rọ̀ yìí dun èmi náà. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká la òfin yẹn wò ná, tórí òdìkejì ohun tẹ́ ẹ rò ló wà nínú ẹ̀. Àtìgbà tí Alaska ti di ìpínlẹ̀ ní 1959 ni ìwé òfin wọn ti sọ pé wọn ò gbọ́dọ̀ pa ẹja débi tí ò ní lè bí ara ẹ̀ mọ́, nígbà tó wá di 1978 wọ́n ṣòfin míì pé tí ẹja ò bá kárí, ẹni tó ń pa á jẹ nílé ló máa ṣíwájú ẹni tó ń tà á. Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà tó tún ṣíwájú àwọn méjèèjì, ìyẹn ẹja tó ń gòkè odò lọ yéyin. Èbù nìyẹn. Tí àgbẹ̀ bá sì ti jẹ èbù tán, kí ló fẹ́ gbìn?

Ohun tó mú kó rí bẹ́ẹ̀ ni pé odò tí wọ́n bí sámọ́nì sí ló máa ń padà sí látinú òkun kó lè yéyin níbẹ̀ kó sì kú, torí náà odò kọ̀ọ̀kan ló ní ìṣirò tiẹ̀, sockeye, ìyẹn irú sámọ́nì tó pọ̀ ní Bristol Bay, ò lè dí àlàfo king ti Yukon. Ní Bristol Bay omi mọ́ gaara, àwọn èèyàn á gun ilé ìṣọ́ lẹ́bàá odò, wọ́n á fi ìṣẹ́jú 10 ka ẹja tó ń kọjá ní wákàtí kọ̀ọ̀kan tọ̀sán tòru, wọ́n á wá ṣírò ìyókù. Omi Yukon ní tiẹ̀ rú, ẹ̀rọ sónà, tó ń fi ìró wá ẹja lábẹ́ omi, ni wọ́n fi ń kà á. Tí èyí tó gòkè bá ti tó, ọ̀gá tó ń bójú tó ẹja ní agbègbè yẹn á ṣí ẹja pípa fún wákàtí mélòó kan, ó sì lè tì í pa lọ́la, kò ní dúró de gómìnà.

Ní Yukon iye ẹ̀ ò tó mọ́. Ní 2021 king àti chum, irú sámọ́nì míì, já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nígbà tó di 2024 Alaska àti Kánádà wá fọwọ́ sí i pé káwọn èèyàn má pa king tó ń lọ sí Kánádà fún ọdún 7, tórí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ iye ọdún tí king kan fi ń gbé ayé ẹ̀ nìyẹn. Ọdún 7 yìí ló ń ká mi lára o. Àwọn Yup'ik àti Athabascan, ìyẹn àwọn ọmọ onílẹ̀ tó ń gbé lẹ́bàá odò Yukon, inú àgọ́ ẹja nígbà ooru ni màmá àgbà ti ń kọ́ ọmọ bí wọ́n ṣe ń gé ẹja tí wọ́n ń fi èéfín gbẹ ẹ, ọmọ ọdún 6 á ti di 13 kó tó fọwọ́ kan king.

Ibi tẹ́ ẹ ti jàre ni òkun. Ní Area M, ìyẹn apá òkun kan ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn Alaska táwọn tó ń pa ẹja tà ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń pa chum tó ń lọ sódò àwọn ará ìwọ̀ oòrùn Alaska mọ́ sockeye, àwọn ọkọ̀ ńlá tó ń wá ẹja kan tó ń jẹ́ pollock nínú òkun Bering náà ń kó king mọ́ ọn, ìjọba àpapọ̀ kàn fún wọn ní iye tí wọn ò gbọ́dọ̀ kọjá ni. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní òkun tó ń gbóná àti àìsàn ẹja wà lára ohun tó fà á jù, mo gbà bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tó wà lódò gba òdo, ẹni tó wà lókun gba iye kan, mi ò rí ibi tí ìyẹn ti dọ́gba.

Ìbéèrè: Ta ni wọ́n ń pè ní ẹni tó ń pa á jẹ gan-an?

Ìdáhùn: Ó dá lórí ìjọba tẹ́ ẹ bá bi. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 1980 ní ará abúlé ni. Ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Alaska wá sọ ní 1989 pé ẹ̀tọ́ ará abúlé nìkan ò bá ìwé òfin ìpínlẹ̀ mu, gbogbo ará Alaska ló ni ẹja. Ni ìjọba àpapọ̀ bá gba àbójútó ọ̀rọ̀ yìí ní 1990 lórí ilẹ̀ tiẹ̀, ó fi ẹja inú odò kún un ní 1999. Báyìí odò kan lọ́gàá méjì, èèyàn gbọ́dọ̀ wo ìkéde méjèèjì kó tó ju àwọ̀n. Ti ará abúlé lèmi ń bá lọ, tórí níbi tí ọ̀nà mọ́tò ò dé, kò sí nǹkan míì tí wọ́n máa fi rọ́pò ẹja.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè ra ọkọ̀ kí n kàn bẹ̀rẹ̀ sí í pa á tà ní Bristol Bay?

Ìdáhùn: Rárá o. Látìgbà tí wọ́n ti ṣòfin ẹ̀ ní 1973, iye láísẹ̀nsì ti wà lójú kan, ẹ máa rà á lọ́wọ́ ẹni tó ní in tàbí kẹ́ ẹ jogún ẹ̀, ọkọ̀ yín ò sì gbọ́dọ̀ gùn ju ẹsẹ̀ bàtà 32 lọ. Láísẹ̀nsì yẹn wọ́n, ohun tó sì jẹ́ kí èyí tó pọ̀ nínú ẹ̀ kúrò lọ́wọ́ àwọn ará abúlé nìyẹn, tí wọ́n á dúró sétídò máa wo ọkọ̀ àlejò.