Ojú-ewé tó kún fún asà: ṣé ti 1340 ni lóòótọ́?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Kent ni mò ń gbé, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Níbi tí wọ́n ti ń ta ẹrù ilé bàbá àgbàlagbà kan tó ṣaláìsí ni mo ti ra àwòrán kan nínú fírémù. Asà mẹ́rìndínlógún ló wà nínú rẹ̀, wúrà ń dán lára wọn, orúkọ tí n kò lè kà sì wà lókè ọ̀kọ̀ọ̀kan. Asà kan dúdú, ó ní àgbélébùú pupa láàárín. Òmíràn wà tí wọ́n pín sí mẹ́rin: lílì wúrà mẹ́ta lórí búlúù nínú ìdá méjì, kìnnìún wúrà mẹ́ta lórí pupa nínú ìdá méjì yòókù. Ẹni tó tà á fún mi ní inú ìwé asà àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ Yúróòpù ni wọ́n ti yọ ọ́, pé ọdún 1340 ni wọ́n yà á. Ọmọ mi obìnrin ní kí n yọ ọ́ kúrò nínú fírémù, kí n fi aṣọ tútù nu ìdọ̀tí ara rẹ̀. Ṣé ojúlówó ni? Ṣé a lè mú ọ̀kan nínú àwọn asà náà ṣe àmì ìdílé wa? Mo sì fẹ́ gbé e lọ sílé wa ní Abẹ́òkúta lọ́dún tó ń bọ̀.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ọjà, mà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí aṣọ tútù kàn án. Ohun tí wọ́n fi ń lẹ àwọ̀ mọ́ irú ìwé bẹ́ẹ̀ láyé ìgbà náà kò ju oje igi tàbí funfun ẹyin lọ, omi díẹ̀ ló máa tú u. Tó bá sì jẹ́ awọ ni wọ́n yà á sí, ńṣe ni awọ náà á mu omi, á wú, á ká jọ, wúrà orí rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí dànù. Ẹ fi í sílẹ̀ nínú fírémù rẹ̀. Ìdọ̀tí kò ba iye rẹ̀ jẹ́ tó bí ìmọ́tótó àwa èèyàn ṣe máa ń bà á jẹ́.

Ẹ wá awò tó ń mú nǹkan tóbi, èyí tó lágbára díẹ̀, kí ẹ gbé e lé orí gíláàsì náà. Tí ẹ bá rí àmì róbótó kéékèèké tó tò lẹ́sẹẹsẹ bíi ti fọ́tò inú ìwé ìròyìn, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló ṣe é, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Tí àmì náà bá wà ṣùgbọ́n tí kò tò déédéé, tí àwọ̀ kan gun orí òmíràn, ó lè jẹ́ ìwé tí wọ́n fi òkúta tẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Àwọn ará Yúróòpù ìgbà náà fẹ́ràn láti máa tẹ irú àwòrán asà báyìí. Ọwọ́ èèyàn yàtọ̀. Ẹ ó rí ojú ìlà búrọ́ọ̀ṣì, ibi tí àwọ̀ ti ki àti ibi tó ti fẹ́lẹ́, àti ìlà yíǹkì tí wọ́n kọ́kọ́ fà kí wọ́n tó kun àárín rẹ̀. Ẹ tan iná tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́. Nínú iṣẹ́ olówó ńlá, wúrà máa ń ga sókè díẹ̀, torí wọ́n á kọ́kọ́ fi ẹfun pò mọ́ gọ́ọ̀mù tẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n á wá lẹ wúrà tí wọ́n lù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mọ́ ọn, kí wọ́n tó fi eyín ajá tàbí òkúta dídán ra á títí á fi máa kọ mànà.

Ṣé awọ ni àbí bébà? Awọ tí wọ́n ń kọ̀wé sí kò yàtọ̀ púpọ̀ sí awọ ojú ìlù: wọ́n á fá irun rẹ̀, wọ́n á nà án, á gbẹ lórí ìnà. Nítorí náà, ẹ wo bóyá ẹ máa rí ojú ihò irun kéékèèké. Ṣùgbọ́n kí awọ má tàn yín jẹ. Wọ́n ṣì ń ṣe é títí dòní, ẹni tó bá sì fẹ́ yí ìwé lè ra èyí tó ti gbó dáadáa. Bébà náà kò ní kí ó má jẹ́ ojúlówó, torí láti ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún lọ ni wọ́n ti ń ya ọ̀pọ̀ ìwé asà sórí bébà.

Ibi tó dùn jù fún èmi ni àwọn asà náà fúnra wọn. Iṣẹ́ àwọn akéde ọba àti ti ìjòyè ni irú ìwé yìí. Wọ́n gbọ́dọ̀ fi àmì ara asà dá jagunjagun mọ̀ lójú ogun àti níbi ìdíje orí ẹṣin, nígbà tí irin ti bo gbogbo ojú rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, Claes Heynenszoon, tó jẹ́ akéde Dúúkù ìlú Gelre, nílẹ̀ tó wà ní Netherlands lónìí, kó asà bí 1,700 jọ sínú ìwé kan ní ìparí ọ̀rúndún kẹrìnlá. Ó ya ti ọba kọ̀ọ̀kan, ó wá to ti àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé e. Ìwé náà wà ní ilé ìkàwé ọba ní Brussels, ẹnikẹ́ni sì lè wo ojú-ewé rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo rọ̀ yín kí ẹ wò ó kí ẹ tó gba ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni gbọ́, títí kan tèmi.

Àwọn akéde yìí ní òfin. Wúrà àti fàdákà wà lápá kan. Pupa, búlúù, dúdú, àwọ̀ ewé àti àlùkò wà lápá kejì. Wọn kì í sábà gbé àwọ̀ lé àwọ̀ tàbí wúrà lé fàdákà, kí ojú lè rí asà láti òkèèrè. (Jerúsálẹ́mù rú òfin yìí, àgbélébùú wúrà ló gbé sórí fàdákà.) Àgbélébùú pupa lórí dúdú wá mú mi dúró. Lójú tèmi, asà yín kò dúdú látilẹ̀wá. Fàdákà ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, afẹ́fẹ́ ló sọ ọ́ di dúdú bó ṣe máa ń ṣe sí ṣíbí fàdákà. Irú rẹ̀ wà nínú ìwé orin Manesse, tí wọ́n ṣe ní Zürich láàárín nǹkan bí 1300 sí 1340, tó wà ní Yunifásítì Heidelberg báyìí: fàdákà ibẹ̀ ti ṣú lọ́pọ̀ ibi. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, àgbélébùú pupa lórí fàdákà ni tiyín, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ti Jọ́ọ̀jì Mímọ́, ẹni mímọ́ alábòójútó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìròyìn ayọ̀ nìyí, torí ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà tẹ àwòrán kì í lẹ fàdákà gidi mọ́ ọn.

Asà onílílì ló tú àṣírí ẹni tó tà á. Lóòótọ́, Edward Kẹta, ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé lílì ilẹ̀ Faransé pọ̀ mọ́ kìnnìún rẹ̀ lọ́dún 1340, nígbà tó ní òun ló ni ìtẹ́ Faransé. Bóyá ibẹ̀ ni ọ̀gbẹ́ni náà ti mú ọdún tirẹ̀. Ṣùgbọ́n lílì ìgbà yẹn kò níye, ńṣe ni wọ́n fọ́n wọn káàkiri orí búlúù. Charles Karùn-ún ti Faransé ló dín in kù sí mẹ́ta ní nǹkan bí 1376, àwọn ọba Gẹ̀ẹ́sì sì tẹ̀ lé e ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún. Lílì mẹ́ta pẹ̀lú kìnnìún mẹ́ta ló wà lára asà wọn títí Elizabeth Kìíní fi kú ní 1603. Nítorí náà, ọwọ́ tó ya tiyín kò lè jẹ́ ti 1340. Ó kéré tán, ọgọ́ta ọdún lé ni wọ́n fi kún ọjọ́ orí rẹ̀.

Ìyẹn kò sọ ọ́ di ayédèrú. Àwọn akéde àti àwọn olùfẹ́ ìtàn ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún àti kẹtàdínlógún máa ń da àwọn ìwé asà àtijọ́ kọ, ọ̀pọ̀ ìwé tó ti ṣègbé sì jẹ́ pé irú àdàkọ bẹ́ẹ̀ nìkan la fi mọ̀ wọ́n. Àdàkọ yẹn náà níyì. Tí ẹ bá ní kí n sọ èrò mi láìtíì fojú rí i, ibẹ̀ ni mo fi sí.

Àwọn ayédèrú wà ṣá. Ẹnì kan ya àwòrán sórí awọ àtijọ́ gidi ní nǹkan bí ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ó tan àwọn olówó jẹ. Belle da Costa Greene, obìnrin tó darí ilé ìkàwé Morgan ní New York, ló sọ ẹni náà ní Aṣayédèrú ará Sípéènì (Spanish Forger). Àwọ̀ ewé kan tí wọ́n fi bàbà àti áséníìkì ṣe, tí kò sí láyé kí ó tó di ọdún 1814, wà lára ohun tó fi í hàn. Àwọn àwọ̀ míì náà ń sọ ọjọ́ orí: búlúù Prussia kò sí kí ó tó di ọ̀rúndún kejìdínlógún, funfun titanium kò sì tó dé ọwọ́ ayàwòrán kí ó tó di nǹkan bí 1920. Ẹ̀rọ kan wà tó ń dá wọn mọ̀ láìfọwọ́ kan nǹkan náà. Ẹ̀ka ìwé àfọwọ́kọ nílé ìtajà gbàǹjo ńlá lè bá yín wò ó, kí wọ́n sì dá iye lé e. Àwọn ilé ìkàwé kì í sábà dá iye lé nǹkan oníǹkan.

Ní ti àmì ìdílé, ẹ lè gbé e kọ́ sára ògiri bó ṣe wù yín, ṣùgbọ́n asà jẹ́ ti ẹni tí wọ́n fún àti àwọn ọmọ rẹ̀, kì í ṣe ti orúkọ ìdílé. Àwọn tó ń ta «asà orúkọ yín» lórí íntánẹ́ẹ̀tì ń ta afẹ́fẹ́ ni. Tí ẹ bá fẹ́ tiyín gan-an, College of Arms, ilé-iṣẹ́ àwọn akéde ọba ní London, ló ń fúnni láti 1484, ẹgbẹẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn ni ẹ ó sì san.

Kí ẹ tó gbé e kúrò ní Britain, ẹ béèrè nípa ìwé àṣẹ o. Òfin wà lórí ìwé àfọwọ́kọ tó bá ti lé ní 50 ọdún. Bí ẹ bá ti dé Abẹ́òkúta, ọ̀rinrin òjò ni ọ̀tá àkọ́kọ́, ọyẹ́ tó gbẹ kankan ni ìkejì. Ìyípadà láti ọ̀kan sí ìkejì ló ń pa awọ. Ẹ má gbé e síbi tí oòrùn ti ń wọlé, ẹ má sì gbé e sí yàrá tí ẹ ń tan ẹ̀rọ amúlétutù tí ẹ sì ń pa á ní gbogbo ìgbà. Kí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà fi páálí tí kò ní ásíìdì sí ẹ̀yìn rẹ̀, kó sì rí i pé gíláàsì kò kan ojú àwọ̀ náà.

Lónìí, ẹ ya fọ́tò ẹ̀yìn fírémù náà fún mi, àti ti orúkọ tó wà lókè àwọn asà. Tí ilé ìtajà kan bá ti lẹ ìwé àmì mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ rí, ó lè sọ ju ohun tí ojú rẹ̀ sọ lọ.