Mítà mi ní 12 lókè oko, ó ní 31 nísàlẹ̀: ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Mo ra mítà tí wọ́n fi ń wọn omi inú ilẹ̀. Mo kì í bọlẹ̀ lápá òkè oko mi, ó ní pásẹ́ǹtì 12, mo sọ̀ kalẹ̀ bí ọgọ́rùn-ún ìṣísẹ̀, ó ní 31. Òjò kan náà ló sì rọ̀ sí gbogbo ẹ̀. Èwo ni kí n gbà gbọ́?

Ìdáhùn: Méjèèjì ni kẹ́ẹ gbà gbọ́. Òjò lè rọ̀ dọ́gba o, àmọ́ ilẹ̀ kì í gbà á dọ́gba, kì í sì í dì í mú dọ́gba.

Ẹ kọ́kọ́ bu erùpẹ̀ ibi méjèèjì sọ́wọ́, kẹ́ẹ fi ìka pa á. Tí tòkè bá ń ṣe ṣákaṣàka, yanrìn nìyẹn, tí òjò bá ti dá lọ́jọ́ méjì mẹ́ta, bí pásẹ́ǹtì 10 péré lè ṣẹ́ kù síkùn ẹ̀, nígbà tí amọ̀ á ṣì di nǹkan bí 35 mú. Ẹ má wá torí ìyẹn rò pé 20 nínú amọ̀ dáa ju 12 nínú yanrìn lọ o! Ahun ni amọ̀, ohun tó bá ti wà lọ́wọ́ ẹ̀ kì í fẹ́ẹ́ jù sílẹ̀, ewé lè ti máa rọ níbẹ̀ kí ti inú yanrìn ṣì máa rí omi mu.

Àsìkò ló wá ń da gbogbo ẹ̀ rú. Tí òjò bá ń rọ̀ léraléra, omi á máa yọ́ rìn lábẹ́ ilẹ̀ láti òkè wá sí ibi tó rẹlẹ̀, ibẹ̀ á sì rin gbingbin bí akùrọ̀, ó jọ pé ohun tẹ́ẹ rí nìyẹn. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ìrìn yẹn á fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró pátá, oníkálùkù á máa jẹ nínú tiẹ̀: irú erùpẹ̀ tó wà níbẹ̀, gbòǹgbò tó ń fà á mu, bí oòrùn ṣe ń pa á. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ méjì kan, Western àti Grayson, rí èyí kedere lórí pápá hẹ́kítà 10.5 kan ní Tarrawarra, ní Ọsirélíà, láàárín 1995 sí 1996. Torí náà ẹ padà lọ wọ̀n ọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, 31 yẹn lè má sí mọ́.

Ṣé bákan náà lẹ kì í jìn tó sha? Sẹ̀ntímítà 5 òkè lè gbẹ láàárín ọjọ́ díẹ̀, ti 50 nísàlẹ̀ kì í kánjú. Sátẹ́láìtì SMAP, tó ń wọn omi inú ilẹ̀ láti ojú sánmà, tí wọ́n rán lọ sókè ní 2015 gan-an, sẹ̀ntímítà 5 yẹn náà ló ń rí, ojú kan lọ́dọ̀ ẹ̀ sì fẹ̀ tó bí kìlómítà 36, oko yín ò lè hàn níbẹ̀.

Tó bá jẹ́ ibi kan ṣoṣo lẹ fẹ́ fi mítà sí, ẹ kọ́kọ́ yan bí ibi mẹ́wàá, ẹ máa wọ̀n wọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kẹ́ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀. Onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan, Vachaud, àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ fi hàn ní 1985 pé ibi tó máa ń gbẹ jù sábà máa ń gbẹ jù náà ni, ibòmíì sì wà tó jẹ́ pé àárín méjì ló máa ń wà. Ibẹ̀ ni kẹ́ẹ rì í sí.

Tọ́kàn yín ò bá tíì balẹ̀, ẹ gbá agolo tó ń gba mìlílítà 200 wọlẹ̀ kó kún, ẹ wọn erùpẹ̀ ẹ̀, ẹ gbé e sínú ófùn ní dígírì 105 fún wákàtí 24, ẹ tún un wọ̀n. Tó bá fi gíráàmù 60 fúyẹ́ sí i, omi mìlílítà 60 nínú 200 nìyẹn, ìyẹn pásẹ́ǹtì 30. Tí mítà bá wá ń sọ ohun tó jìnnà sí i níbi kan náà, ẹ wò ó bóyá òkúta tàbí ihò ni eyín ẹ̀ bọ́ sí, kẹ́ẹ tó bú ẹni tó tà á fún yín.