Ẹ Bi Àǹtí: Gbogbo èèyàn ló ń pè mí, kò sì sí lọ́wọ́ mi

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi n'Ìkòròdú àti agbègbè ẹ̀. Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀ gan-an, ọ̀rọ̀ owó ọjà ló sì kún inú gbogbo ẹ̀. Mo mú mẹ́ta nínú ẹ̀, mo sì ti yọ orúkọ wọn kúrò.

*Àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 35 ni mí, tíṣà ni mí níléèwé àdáni kan ní Odògúnyán, ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní fákítírì. Tèmi ₦60,000 lóṣù, tiẹ̀ ₦95,000, ọmọ mẹ́ta la bí. Ká tó yọ owó ọkọ̀, gáàsì, owó iléèwé àti rẹ́ńtì, owó ti ń tán lọ, a ò tíì dé ọjà o. Màámi wà ní Ẹ̀pẹ́, èmi ni wọ́n ń wò. Ìyàwó àbúrò mi ọkùnrin tún bímọ, wọ́n pè mí, mi ò lè sọ pé kò sí, ni mo bá lọ yá ₦40,000 lórí áàpù kan nínú fóònù, mo fi ránṣẹ́ sí wọn. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni áàpù yẹn fún mi, ìgbà tí mi ò rí i san, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi mẹ́sẹ́èjì ránṣẹ́ sí gbogbo nọ́ńbà orí fóònù mi pé olè ni mí, títí kan ọ̀gá mi níbi iṣẹ́. Ọkọ mi ò tíì mọ̀. Ohun kejì rèé. Ọmọbìnrin kékeré kan ń gbé ní yàrá tó tẹ̀lé tiwa, bàbá ẹ̀ ti lọ, ìyá ẹ̀ ń ta píọ̀ wọ́tà ní Gáréèjì. Tó bá ti gbọ́ òórùn ọbẹ̀, á wá dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, á fi ọwọ́ kan di férémù ilẹ̀kùn mú, kò ní sọ nǹkan kan, á kàn máa wo ọwọ́ àwọn ọmọ mi bó ṣe ń lọ sẹ́nu. Mo máa ń bù fún un. Ṣùgbọ́n nígbà míì mo máa ń ti ilẹ̀kùn kó má baà rí wa, oúnjẹ ọ̀hún ò sì ní lọ lọ́nà ọ̀fun mi. Ta ni kí n ràn lọ́wọ́, ta ni kí n fi sílẹ̀? Àbí ẹni burúkú ni mí ni?*
Ìyá Ìbejì, Odògúnyán

Ìyá Ìbejì, ọmọ mi, o kì í ṣe ẹni burúkú. Ẹni burúkú á ti ilẹ̀kùn, á sì jẹun ẹ̀ yó.

Jẹ́ n kọ́kọ́ gbé ẹrù kan kúrò lórí ẹ. Kì í ṣe pé o ò mọ owó ná. Kí oṣù karùn-ún 2023 tó parí, nǹkan bíi ₦190 la ṣì ń ra lítà epo bẹntiróò, ọjọ́ 29 oṣù yẹn ni Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, oṣù tó tẹ̀lé e ni wọ́n tún tú náírà sílẹ̀ kó lọ wá iye ara ẹ̀ lọ́jà, kí 2024 sì tó parí, lítà kan ti kọjá ₦1,000. Epo yìí ló ń gbé tòmátì wá sí Mile 12, òun náà ló ń gbé ẹ lọ síbi iṣẹ́, òun ló tún wà nínú ẹ̀rọ ẹni tó ń bá ẹ lọ ata. Ṣebí ilé iṣẹ́ ìrẹsì ńlá tí Ààrẹ Buhari ṣí lóṣù kìíní 2023 wà ní Ìmọ́ta wa níbí, ọ̀pọ̀ wa rò pé ìrẹsì máa dínwó, àmọ́ ẹ̀rọ kì í gbin ìrẹsì, ọ̀nà jíjìn ni púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń pa níbẹ̀ ti ń wá, ọkọ̀ ló sì ń gbé e. Owó oṣù tó kéré jù lọ lójú òfin kúrò ní ₦30,000 bọ́ sí ₦70,000 lóṣù keje 2024, ìjọba Èkó ní àwọn á san ₦85,000 fún òṣìṣẹ́ tiwọn, ìwọ sì wà lórí ₦60,000. Tó o bá fi gbogbo òru ṣe ìṣirò yẹn, kò lè bára mu.

Gbèsè áàpù yẹn la máa kọ́kọ́ mú. Sọ fún ọkọ ẹ lónìí, kó tó ti ẹnu ẹlòmíì gbọ́. Gbèsè ni, ẹ san án, àmọ́ ẹ má lọ yá lọ́wọ́ áàpù kejì láti fi san ti àkọ́kọ́, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti rì. Wọnú sẹ́tìnì fóònù ẹ, gba àyè tí áàpù yẹn ní láti máa rí nọ́ńbà àwọn èèyàn ẹ kúrò lọ́wọ́ ẹ̀. Má pa àwọn mẹ́sẹ́èjì èébú yẹn rẹ́ o, tọ́jú wọn, torí àjọ ìjọba tó ń jẹ́ FCCPC ló ń forúkọ àwọn ayánilówó orí fóònù sílẹ̀, wọn ò sì gbà wọ́n láyè láti máa dójú ti èèyàn báyìí. Fẹjọ́ sùn wọ́n níbẹ̀. O jẹ gbèsè, o ò jalè.

Ó wá kan àbúrò ẹ. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá máa dáṣọ fún ni, ti ọrùn ẹ̀ là á kọ́kọ́ wò. Àbúrò ẹ ò rí ọrùn ẹ torí o fi pamọ́ fún un. Lójú tiẹ̀, ẹ̀gbọ́n òun lówó, ẹ̀gbọ́n òun kàn fi ránṣẹ́ ni. Èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, mo kó owó iléèwé ọmọ mi fún ẹ̀gbọ́n mi kan tó pè mí pẹ̀lú ẹkún, lẹ́yìn náà ọdún méjì gbáko ni mo fi ń bínú sí wọn, tí mo bá ti rí wọn nínú aṣọ tuntun inú mi á máa ru, bẹ́ẹ̀ wọn ò mọ nǹkan kan, wọn ò tiẹ̀ mọ̀ pé wọ́n lé ọmọ mi kúrò ní kíláàsì. Kí ni mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ nígbà tí mi ò sọ fún wọn?

Nítorí náà, lọ́jọ́ tí sálárì bá wọlé, kí ìpè kankan tó dé, ìwọ àti ọkọ ẹ ẹ jókòó kẹ́ ẹ yọ owó ìrànlọ́wọ́ sọ́tọ̀. Kó jẹ́ iye tó jẹ́ pé tó bá lọ ẹ ò ní yáwó jẹun. Tó bá jẹ́ ₦6,000 náà ni, kó jẹ́ ₦6,000. Ọ̀dọ̀ màmá ẹ ni kó kọ́kọ́ dé, kí ₦3,000 máa dé Ẹ̀pẹ́ lóṣooṣù láìyẹ̀, ó sàn fún wọn ju ₦20,000 ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún lọ, torí wọ́n á lè fọkàn sí i, wọ́n á lè gba nǹkan àwìn lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ pé owó ń bọ̀. Èyí tó kù ni ti ẹni tó bá pè. Tó bá ti tán, sọ pé èyí tó wà fún oṣù yìí ti tán. Àwa Yorùbá kì í fẹ́ sọ pé "kò sí", ó máa ń dà bí èpè lẹ́nu wa, a máa ń ní "ó máa wà", "jẹ́ n wò ó", ẹni tó ń dúró á wá máa ka ọjọ́, kò ní lọ bá ẹlòmíì, ìgbà tó bá já a kulẹ̀ ni yóò sọ pé o tan òun. Tètè sọ fún un kó lè wá ọ̀nà míì.

Ti ọmọ kékeré yẹn ò sí nínú ọ̀rọ̀ owó rárá. Ìlàjì ife ìrẹsì ni, nígbà tó o bá ń wọ̀n ọ́n. Ohun tó ń dà ẹ́ láàmú ni pé ẹnu ọ̀nà ló ń dúró sí. Lọ bá ìyá ẹ̀ lálẹ́ tó bá ti Gáréèjì dé, má gbé ọ̀rọ̀ àánú lọ. Sọ fún un pé tíṣà ni ẹ́, kó jẹ́ kí ọmọ máa wá bá àwọn ọmọ ẹ ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Ọmọ tó wá kàwé á jókòó, tí oúnjẹ bá jinná tí gbogbo wọn wà nídìí tábìlì kan náà, ta ló tún máa sọ pé ó wá wo ẹnu?

Mo tún fẹ́ kó o wá ẹni pín àpò pẹ̀lú. Lọ́jọ́ Sátidé kan ní Sábó mo dúró wo àwọn obìnrin mẹ́rin tí wọ́n dáwó ra àpò ìrẹsì kan. Wọ́n tẹ́ tapólì sílẹ̀, wọ́n gé okùn ẹnu àpò, kóńgò kan ṣoṣo ni wọ́n sì mú. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn yí kóńgò yẹn padà, ó fi àtàǹpàkò tẹ ìdí ẹ̀ wò bóyá wọ́n ti lù ú wọnú, torí báwọn kan ṣe ń rẹ́ wa jẹ lọ́jà nìyẹn. Ó ń wọ̀n, àwọn yòókù ń kà á sókè, ení, èjì, ẹ̀ta, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ohun tó ṣẹ́ kù nísàlẹ̀ tí kò lè pín dọ́gba, wọ́n bù ú fún ìyá arúgbó kan tó ń to ata lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Owó ìrẹsì yẹn dín sí iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ì bá rà á ní kóńgò kọ̀ọ̀kan, ìyá yẹn náà sì rí tiẹ̀ gbà. Ìyá ọmọ yẹn lè wà nínú mẹ́rin tìẹ, kó máa dá tiẹ̀ díẹ̀díẹ̀ látinú owó omi.

*Ẹ kú ìtọ́jú wa o. Ẹni ọdún 71 ni mí, mo ti fẹ̀yìn tì. Mo ní ilé oníyàrá mẹ́wàá, yàrá kọjú sí yàrá. Opó kan níbẹ̀ tó ń sanwó lóṣooṣù ti jẹ mí ní oṣù mẹ́rin. Àwọn ọmọ mi ní kí n ká páànù orí yàrá ẹ̀. Ọkàn mi ò gbà á, ṣùgbọ́n èmi náà gbọ́dọ̀ jẹun, oògùn sì wọ́n.*
Bàbá Onílé, Èbúté

Bàbá mi, mo kúnlẹ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ká páànù kankan. Òfin ilé gbígbé tí ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2011 mú Ìkòròdú náà, ẹ̀ṣẹ̀ ni lójú òfin yẹn kéèyàn fi tipá lé ayálégbé jáde láìgba kóòtù. Tó bá jẹ́ pé oṣooṣù ló ń san, tó wá jẹ tó oṣù mẹ́fà, òfin náà fún yín láyè láti gba yàrá yín ní kóòtù. Ẹ ò tíì dé ibẹ̀, mi ò sì gbàdúrà kẹ́ ẹ dé ibẹ̀.

Ẹ pè é jókòó, kẹ́ ẹ bi í léèrè ọjọ́ tówó máa ń wọlé fún un. Ẹni tó ń tajà lójoojúmọ́ kì í rí owó oṣù kan kó jọ lẹ́ẹ̀kan, ọmọ á ṣàìsàn, owó á lọ, àmọ́ ó lè san díẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kẹ́ ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí i. Tí agbára yín bá gbé e, ẹ fi oṣù kan nínú mẹ́rin yẹn jìn ín, kẹ́ ẹ sọ ọ́ létí ẹ̀ ketekete, kẹ́ ẹ má sì mẹ́nu kàn án mọ́. Tọ́rọ̀ bá tún le, Citizens' Mediation Centre ti ìjọba Èkó máa ń bá onílé àti ayálégbé parí ìjà lọ́fẹ̀ẹ́.

Bàbá, ẹ má bínú sí mi o, ó ń dùn mí ni. Àwọn ọmọ tó ní kẹ́ ẹ ká páànù, èwo nínú wọn ló ń ra oògùn yín? Ẹ pe ìpàdé ẹbí, kẹ́ ẹ gbé ìwé oògùn sórí tábìlì. Kò yẹ kó jẹ́ orí opó ni oògùn yín wà.

*Àǹtí, ọmọṣẹ́ télọ̀ ni mí ní Àgírìkì. Owó tí mo ń rí ò tó nǹkan. Ṣé kí n san ìdámẹ́wàá àbí kí n ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá mi?*

Ra oògùn, ọmọ mi. Bíbélì tó sọ̀rọ̀ ìdámẹ́wàá náà ló sọ nínú Tímótì kìíní orí 5 ẹsẹ 8 pé ẹni tí kò bá pèsè fún àwọn ará ilé ẹ̀ ti sẹ́ ìgbàgbọ́. Àwọn Mùsùlùmí tó ń ka èyí náà mọ̀ pé Ànábì kọ́ wa pé ẹ̀san méjì ló wà nínú sàárà tá a bá ṣe fún ìbátan. Lọ bá pásítọ̀ ẹ, ṣàlàyé fún un, pásítọ̀ tó mọ agbo ẹ̀ á yé e.

Bi ìyá ẹ léèrè jẹ́jẹ́ bóyá ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lo oògùn yẹn, torí ọ̀pọ̀ àwọn ìyá wa ló ti ń lò ó lónìí tí wọ́n á fi ọ̀la sílẹ̀ kó lè pẹ́, wọn ò sì ní sọ fún ọmọ. Ó léwu gan-an. Tó bá jẹ́ owó ẹ̀ ni, mú páálí oògùn yẹn lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé, kó o bi wọ́n bóyá irú ẹ̀ kan náà wà tó dínwó, tí kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ olórúkọ ńlá. Mú páálí yẹn gan-an lọ o, má kàn pe orúkọ ẹ̀ lẹ́nu.