Kí ẹ tó gbé iṣẹ́ orin tuntun fún kọ̀ǹpósà

Ìbéèrè: Ìjọ wa ní Kúbwa, nílùú Àbújá, yóò pé ọdún 25 ní oṣù Kọkànlá. A fẹ́ kí kọ̀ǹpósà kan ṣe orin tuntun ní èdè Yorùbá fún ẹgbẹ́ akọrin wa. Èló ni ká múra sílẹ̀ láti san, kí ni ká sì kọ sínú ìwé àdéhùn? (Akọ̀wé ìgbìmọ̀ ayẹyẹ)

Ìdáhùn: Ẹ kú ìmúrasílẹ̀. Owó ni ẹ kọ́kọ́ béèrè, ṣùgbọ́n kò sí kọ̀ǹpósà tó lè dá iye kan lé iṣẹ́ yìí láìtíì mọ ọ̀rọ̀ inú orin náà àti àwọn tí yóò kọ ọ́, nítorí náà ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ parí ọ̀rọ̀ orin náà, kí ẹ sì fi àmì ohùn sí i látòkè délẹ̀ kí ẹ tó fi ránṣẹ́. Èdè wa kì í jẹ́ kí orin rìn bó ṣe wù ú: nínú “Olúwa”, ohùn máa ń gòkè ní sílébù kejì, ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ ní ìkẹta, bí orin bá yí i po, àwọn tó jókòó sẹ́yìn kò ní mọ ohun tí akọrin ń wí. Ohun tó ba ọ̀pọ̀ orin ìyìn jẹ́ nìyí, àwọn tí a túmọ̀ láti èdè Gẹ̀ẹ́sì tí a sì fi ohùn orin òyìnbó kọ. Ìgbìmọ̀ kì í sábà rántí pé ẹsẹ mẹ́ta tí àmì ohùn wọn kò bára mu kò lè gba ohùn orin kan náà. Yálà kí ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ náà tò wọ́n kí ohùn wọn dọ́gba, tàbí kí kọ̀ǹpósà ṣe orin ọ̀tọ̀ fún ẹsẹ kọ̀ọ̀kan, èyí tí yóò fi kún iṣẹ́ àti owó.

Lẹ́yìn èyí, ẹ sọ òtítọ́ nípa akọrin yín: iye ténọ̀ (ohùn òkè ọkùnrin) tí ẹ ní, ibi tí sopránò (ohùn òkè obìnrin) lè gòkè dé láìfipá, bóyá sọ́fà (dò, rè, mí) ni wọ́n ń kà, àti ẹni tí yóò lu gángan. Ó sàn kí kọ̀ǹpósà fúnra rẹ̀ wá gbọ́ yín níbi ìdánrawò. Ní Àbújá níbí, wọ́n ń gbé òṣìṣẹ́ ìjọba káàkiri, akọrin báàsì (ohùn ìsàlẹ̀ ọkùnrin) méjì tí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé lónìí sì lè ti wà ní Sókótó kí ọjọ́ ayẹyẹ tó pé. Ẹ ní kí ó ṣe orin tí kò ní dà wó bí ohùn kan bá dín.

Nígbà náà ni yóò tó lè dá owó lé e, gẹ́gẹ́ bí orin náà bá ṣe gùn tó àti bí ohùn àti ohun èlò bá ṣe pọ̀ tó. Ẹ san ìdajì ṣáájú, kí ẹ san ìyókù nígbà tí ìwé orin bá tẹ̀ yín lọ́wọ́, ó kéré tán oṣù mẹ́ta ṣáájú ayẹyẹ.

Ní ti àdéhùn, Òfin Ẹ̀tọ́ Oníṣẹ́ Ọpọlọ (Copyright Act) ti ọdún 2022, tí Ààrẹ buwọ́ lù ní oṣù Kẹta ọdún 2023, sọ pé ẹni tó ṣe iṣẹ́ ló ni ẹ̀tọ́ rẹ̀ àfi bí ìwé àdéhùn bá sọ ohun mìíràn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ sanwó. Ẹ̀tọ́ náà wà títí di ọdún 70 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ní tèmi, ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpósà ni orin rẹ̀, kí ẹ sì gba àṣẹ lákọsílẹ̀ pé ìjọ lè máa kọ ọ́ nígbàkúùgbà, kí ẹ ṣe ẹ̀dà ìwé rẹ̀ fún akọrin, kí ẹ gbà á sílẹ̀, kí ẹ sì gbé e sórí YouTube. Bí ó bá jẹ́ ọmọ ìjọ yín ló kọ ọ̀rọ̀ orin náà, òun ló ni ẹ̀tọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀hún, nítorí náà òun pẹ̀lú gbọ́dọ̀ buwọ́ lùwé.