Ìdí tí prógírámù rẹ fi ń fo 61

Àbúrò, o ní prógírámù C tí o kọ láti máa wá prime Mersenne (prime ni nọ́ńbà tó ju 1 lọ, tí 1 àti ara rẹ̀ nìkan lè pín láìṣẹ́kù; ti Mersenne ni èyí tó bá jẹ́ 2^p − 1) ń mú p = 3, 5, 7, 13, 17, 19 àti 31 jáde, àmọ́ kò rí 61, o wá ń béèrè bóyá kí o ta laptop rẹ kí o ra èyí tó lágbára. Jọ̀ọ́, má tà á. Ojú mi rí màbo lórí ọ̀rọ̀ yìí ní Àkúrẹ́ níbí.

Olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ àṣekágbá mi ló kọ́ wa pé long long, irú àyè tí C ń fi nọ́ńbà sí, ni ká lò. Mo lọ bá a pé 61 kò jáde. Kò tiẹ̀ wo kóòdù náà. Ó ní ẹ̀rọ mi ló kéré, kí n lọ fi RAM kún un. Mo gba Arákàlẹ̀ lọ, ẹni tó ń tún laptop ṣe gbowó, ó tú ìdí ẹ̀rọ, ó ki RAM bọ̀ ọ́. Mo délé, iná ti lọ. Mo tan jẹnẹrétọ̀, mo ní kí prógírámù tún bẹ̀rẹ̀: ó kan 31, ó dákẹ́. Mo padà sọ́dọ̀ ọ̀gá, ó ní àfàìmọ̀ kí RAM náà má jẹ́ ayédèrú. Owó oúnjẹ mi ni o! Àwọn kan wà tí "n kò mọ̀" kì í jáde lẹ́nu wọn. Àlùfáà ìjọ kan ní Rọ́ṣíà, Ivan Pervushin, ti fi hàn ní 1883 pé prime ni 2^61 − 1. Ta ló ta RAM fún un?

long long kò gbà ju 9,223,372,036,854,775,807 lọ. 2^61 − 1 fúnra rẹ̀ wọ ibẹ̀, dígíìtì 19 ni. Ṣùgbọ́n ìdánwò Lucas-Lehmer, ọ̀nà tí a fi ń mọ̀ bóyá 2^p − 1 jẹ́ prime, ní kí o fi nọ́ńbà lọ́nà ara rẹ̀, ìyẹn sì lè tó dígíìtì 37. Yóò kún, yóò ṣàn dànù, kò sì ní pariwo. Irọ́ ni yóò kàn gbé fún ọ. Ti 31 ṣì gbà, ìdí nìyẹn tí ọkàn rẹ fi balẹ̀.

Fi p = 7 wò ó, 2^7 − 1 jẹ́ 127. Bẹ̀rẹ̀ láti 4, fi í lọ́nà ara rẹ̀, yọ 2, fi 127 pín in, mú àṣẹ́kù: 4, 14, 67, 42, 111, 0. Ìgbésẹ̀ p − 2 ni. Òdo ló gbẹ̀yìn, prime ni. Ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni kí o máa mú àṣẹ́kù, má dúró di ìparí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ nọ́ńbà yóò máa gùn ní ìlọ́po méjì. Mo rí i pé p = 2 náà kò sí nínú tìrẹ. Ìdánwò yìí kò bá 2 ṣiṣẹ́, fọwọ́ kọ ọ́ sí i.

Gbé e lọ sí Python, èdè tí nọ́ńbà odidi rẹ̀ lè gùn bó ṣe wù ú, ó tán. Tí wọ́n bá ní C dandan, lo GMP, àkójọ kóòdù fún nọ́ńbà ńlá. __int128, àyè nọ́ńbà tó fẹ̀ ju long long lọ, yóò gba 61, àmọ́ 89 yóò tún há.

Tí 61, 89, 107 àti 127 bá jáde, tí 67 kò sì jáde, o ti ṣe é. Mersenne alára, ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe àwọn prime yìí, ka 67 mọ́ wọn nínú ìwé rẹ̀ ní 1644, ó sì fo 61! Ní 1903 ni Cole, onímọ̀ ìṣirò ará Amẹ́ríkà, tó fi hàn pé 193707721 lọ́nà 761838257287 ni 2^67 − 1, kì í ṣe prime.

Ẹ sì jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má fi prime Mersenne ṣe kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ tí a fi ń dáàbò bo ìsọfúnni lórí kọ̀ǹpútà o. Wọn ò pọ̀, gbogbo ayé ló mọ̀ wọ́n.

Tí p bá ti ń tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún, máa kọ p, ìgbésẹ̀ tó dé àti àṣẹ́kù rẹ̀ sínú fáìlì. Fáìlì méjì ni kí o máa lò ní àṣeyípo, torí iná lè lọ nígbà tó ń kọ ọ́ lọ́wọ́.