Ohun tí Scottie fojú rí

Ìbéèrè: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Nínú fíìmù Vertigo (1958), ojú Scottie, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tẹ́lẹ̀ tí Elster ní kó máa ṣọ́ ìyàwó òun, ló ṣe nígbà tí obìnrin já bọ́ láti orí ilé gogoro ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyàwó Elster sì kú lóòótọ́. Kí ló dé tí wọ́n ní Scottie ò mọ̀ pé ó kú?

Ìdáhùn: Ibi tó dùn jù lẹ fọwọ́ bà yẹn. Òótọ́ ni Scottie gbà gbọ́, ó sì ní ẹ̀rí, àmọ́ ẹ̀rí náà kọ́ ló gbé e débẹ̀. Obìnrin mìíràn, Judy, tó ń díbọ́n bí ìyàwó Elster, ni Scottie ń ṣọ́ kiri. Ẹ̀rù ibi gíga ò jẹ́ kó gun àtẹ̀gùn dókè (Elster kúkú mọ̀ bẹ́ẹ̀), òkú ìyàwó gidi ni Elster sì jù sílẹ̀. Scottie kàn ṣe kòńgẹ́ òótọ́ ni. Onímọ̀ ọgbọ́n orí Edmund Gettier kọ̀wé lórí irú èyí ní 1963, ojú ewé mẹ́ta péré: ìgbàgbọ́ tó jẹ́ òótọ́, tó sì nídìí, lè má tíì di ìmọ̀.

Yorùbá ya "mo mọ̀" sọ́tọ̀ kúrò lára "mo gbà gbọ́". Ohun tí ojú ẹni rí la mọ̀. Ṣùgbọ́n ìṣubú ni Scottie rí, kò rí ẹni tó ju òkú náà sílẹ̀. Ẹ̀gbà ọrùn Judy ló padà tú àṣírí.