Ta ló kọ Talmud, báwo sì ni àwọn Júù ṣe ń kọ́ ọ?

Kì í ṣe ẹnì kan ló kọ Talmud, ìwé ńlá òfin àti ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn àwọn Júù. Ìran àwọn rábì kan tẹ̀ lé òmíràn ló gbé e kalẹ̀ ní ilẹ̀ Gálílì àti Bábílónì. Òfin àtẹnudẹ́nu ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn tí àwọn ará Róòmù wó Tẹ́ḿpìlì Jerúsálẹ́mù ní ọdún 70, ó di dandan láti tọ́jú ẹ̀kọ́ náà kó má bàa parun, nígbà tó sì di nǹkan bí ọdún 200, Rábì Judah ha-Nasi ṣe àkójọ tí à ń pè ní Mishnah. Àríyànjiyàn àwọn tó tẹ̀ lé e lórí Mishnah ni Gemara. Àpapọ̀ méjèèjì ni Talmud. Talmud Jerúsálẹ́mù wà, ti Bábílónì náà wà, ṣùgbọ́n ti Bábílónì ni wọ́n sábà máa ń kọ́.

Ìbéèrè ló ṣí Talmud: láti ìgbà wo ni èèyàn lè ka Shema, àdúrà tó kéde pé Ọlọ́run kan ni, ní alẹ́? Àárín ojú ìwé ni ọ̀rọ̀ Talmud máa ń wà, tí àlàyé Rashi, rábì ará Faransé, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí Tosafot, àlàyé àwọn rábì tó wá lẹ́yìn Rashi, sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì. Méjì méjì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń jókòó tì í, wọ́n á kà á sókè, wọ́n á sì máa já ara wọn níyàn. Ohun tó wúni lórí jù ni pé èrò ẹni tí wọn kò gba tirẹ̀ pàápàá ṣì wà nínú ìwé náà.

Láti ọdún 1923 ni ọ̀pọ̀ ti ń ka ewé kan lójúmọ́. Ewé 2,711 ni gbogbo rẹ̀, ó sì máa ń gba bí ọdún méje ààbọ̀ láti kà á tán. Àwọn Júù Karaite, tó gbà pé Ìwé Mímọ́ nìkan ló ní àṣẹ, kò gba àṣẹ Talmud láti ìbẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ wọn.